Kì Í Ṣe Bàbá Àgbà Ló Tú Àṣírí Tóbi

Ọ̀rọ̀ ìrántí tí mo kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ojú ewé yẹn dànù. Àwọn mọ̀lẹ́bí ló ní kí n kọ ọ́ torí pé èmi ni mo sún mọ́ wọn jù, èmi náà sì kọ ọ́ bí ìgbà téèyàn ń kọ káàdì ọjọ́ ìbí: bàbá dáadáa, bàbá ẹlẹ́rìn-ín, bàbá àdúrà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà níbí, ń mi orí bí wọ́n ṣe ń kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi "bàbá àdúrà," ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Àdúrà tó tú àṣírí ọmọ-ọmọ ẹ̀ ńkọ́?" Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín sínú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i pé ojú ò tì mí? Èmi tí mo mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá ló tú àṣírí kankan, èmi ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ, kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Bàbá àgbà ló bí màmá mi, àwọn náà ló bí Àǹtí Bísí, àbúrò màmá mi, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Buford pẹ̀lú Tóbi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì, Ìkìrun ni wọ́n sì ti fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ibẹ̀. Lẹ́yìn tí Màmá àgbà lọ, àwọn ọmọ mú wọn wá sílé wa ní Lawrenceville. Ọsibítù ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn kì í dúró nílé. Èmi ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ látilé, torí náà èmi ni mo di dírẹ́bà Bàbá, èmi ni mo ń ka nǹkan fún wọn, èmi náà ni wọ́n ń bá jà. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá pósófíìsì gbélé rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kan pé mo pàdé ọkùnrin kan, pé ará Èkó ni. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Mojí, àdírẹ́sì yẹn ò pé."

Bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà náà nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n mọ̀ pé Bàbá kì í sọ pé "Olúwa, ràn wá lọ́wọ́," kí wọ́n ṣe àmín. Ká má rí i! "Olúwa, Mojísọ́lá, ọmọ Fúnmiláyọ̀, tó ń gbé ilé aláwọ̀ eérú, ìkẹta lọ́wọ́ ọ̀tún téèyàn bá wọ ẹsíteètì, ní Lawrenceville, ní ìpínlẹ̀ Georgia, tí inú ń run láti àárọ̀ Ọjọ́rú…" Ilẹ̀ ì bá lanu, ǹ bá kó sí i. Ní ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti fi àdúrà kéde oyún kí ọkọ tó mọ̀. Wọ́n ti fi àdúrà sọ fún gbogbo wa pé Bùrọ̀dá kan ń sùn ní pálọ̀. Nígbà tí fóònù arákùnrin kan dún láàárín àdúrà, Bàbá ò ṣíjú, wọ́n kàn yà síbẹ̀: "Olúwa, dárí ji ẹni tó ni fóònù yìí, Fẹ́mi, tó ń gbé lẹ́yìn ilé epo." Àwọn èèyàn bínú sí wọn nígbà míì. Pásítọ̀ fúnra wọn wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dín àlàyé kù. Bàbá ní, "Ọlọ́run ni mò ń kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó bá yọjú kà á, tó sì lọ sọ ọ́ kiri, ìyẹn ni kẹ́ ẹ mú."

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mejì.

Tóbi ló mú Bàbá wọnú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Mi ò sọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o, ti Amẹ́ríkà ni mò ń wí, èyí tó rí bí ẹyin. Tóbi ga, ó sanra, ó sì yára, iṣẹ́ tiẹ̀ lórí pápá ni kó máa ti àwọn tó wà níwájú ẹ̀ ṣubú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbé Bàbá lọ wò ó ní Buford, wọ́n wé aṣọ òtútù méjì mọ́ra, wọ́n wo bí àwọn ọmọ náà ṣe ń sáré díẹ̀, tí wọ́n á dúró, tí wọ́n á kó orí jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ìgbà wo ni wọ́n máa parí ìpàdé yìí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù?" Ṣùgbọ́n nígbà tí Tóbi gbé ọmọ kan nílẹ̀ fìì, tí gbogbo èèyàn dìde tí wọ́n ń pariwo orúkọ ẹ̀, Bàbá náà dìde. Nínú mọ́tò bá a ṣe ń padà sílé, wọ́n ń mi orí. "Nílé, a máa ń na ọmọ tó bá ń ti èèyàn ṣubú. Níbí, yunifásítì ló ń bẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ń wọlé sí Buford bí òjò, àpòòwé ńláńlá, láti ìpínlẹ̀ tí Àǹtí Bísí ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Àǹtí ń kó wọn sínú agbọ̀n aṣọ. Ọjọ́ tí Bàbá rí agbọ̀n yẹn, ẹ má sọ ọ́ tán. Wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n tò ó ní ìpínlẹ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n fi rọ́bà dè é, wọ́n yẹ òòtẹ̀ orí sítáǹbù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọ̀kan sókè sí iná, èyí tí kóòṣì ńlá kan buwọ́ lù, èyí tí Tóbi ti fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ibi ìbuwọ́lù náà. "Tóbi, ẹ̀rọ ló ṣe èyí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gan-an á fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́."

Ó yẹ kí n là á yé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò gbé lágbègbè yìí. Ní ilẹ̀ yìí, àgbà ọkùnrin tó nírùngbọ̀n, tó bímọ mẹ́ta, á jókòó síbi iṣẹ́ ẹ̀, á máa wá bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ṣe máa yan yunifásítì tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún. Tí ọmọ náà bá ti pinnu, á to fìlà oríṣiríṣi sórí tábìlì, á gbé ọ̀kan dé, àwọn kan á yọ̀, àwọn kan á sunkún. Ṣùgbọ́n kó tó dọjọ́ yẹn, àhesọ lásán ni oúnjẹ wọn. Ta ló rí kóòṣì nílé epo? Báàlúù kékeré ta ló balẹ̀ sí Lawrenceville láàárọ̀? Kí ló dé tí ìyá ọmọ náà wọ bàtà aláwọ̀ báyìí? Ìkànnì wà lórí fóònù tí wọ́n ti ń ṣe é tọ̀sán-tọ̀sán. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé kankan níbí, ọ̀rọ̀ ti dàrú tó. Ẹ jẹ́ ká pe èyí tí èmi jáde níbẹ̀ ní Òòrẹ̀, ká pe ọ̀tá wọn ní Àwòdì. Mo wà lórí ìkànnì àwọn Òòrẹ̀ láti ọdún tí mo ti ń ṣe yunifásítì, Rodo ni orúkọ tí mo ń jẹ́ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé obìnrin ni mí, áńbọ̀sì pé ọmọ Yorùbá.

Bàbá fẹ́ràn àwọn èèyàn yẹn. Ẹgbẹ́ aláhesọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Tí mo bá ń gbé tíì wọn wá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Kí ni ẹgbẹ́ aláhesọ wí lónìí?" Màá kà á, màá túmọ̀ ẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi mú wọn. Àwàdà kan wà nípa Tóbi tó gbajúmọ̀ níbẹ̀. Nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni, ẹnì kan ti sọ pé ilé-ìwé tó bá mọ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sè jù ló máa mú un. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí wọ́n á sọ nípa Tóbi tí wọn ò ní fi àwòrán ìkòkò ìrẹsì sí i. Tí ìròyìn bá dáa, ìrẹsì ti jinná. Tí kò bá dáa, ìrẹsì ti jóná. Bàbá náà dá tiwọn sí i. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá rí kóòṣì níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ewúrẹ́ ní Lawrenceville, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo kọ ọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan làwọn èèyàn fi ń sọ ọ́ kiri, orúkọ Rodo sì ń ròkè. Wọ́n ti gbà pé Rodo mọ ẹnì kan nínú ilé. Mo jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́.

Lóòótọ́, mi ò mọ nǹkan kan. Àwọn Àwòdì ni Tóbi ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì buwọ́ lùwé, ilé ò sì sọ ohun míì fún mi. Àǹtí Bísí mọ irú ẹnu tí mo ní.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, mo fẹ́ gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọn kì í jẹ́ kí n yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kí wọ́n tó gbàdúrà. Lọ́jọ́ yẹn wọ́n kọ́kọ́ yíjú wo ẹ̀yìn mọ́tò, bí ẹni pé èèyàn lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Àwa méjì náà ni." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n gbà á tàdírẹ́sì-tàdírẹ́sì: Olúwatóbilọ́ba, ọmọ Bísí, ní Buford, tí ọkàn ẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ àwọn Àwòdì mọ́, tí kóòṣì àwọn Òòrẹ̀ ní kó yọ́ wá ní Sátidé kí wọ́n rí i kí wọ́n tó fún un láyè, tí ìyá ẹ̀ ń bẹ̀rù kí àwọn Àwòdì má lọ gbọ́ níbòmíràn, kí ọmọ má baà pàdánù méjèèjì. Olúwa, bò ó. Àmín. Mo ṣe àmín. Wọ́n ní, "Bísí ní kí n má gbà á níbi tí èèyàn bá wà. Ìwọ kì í ṣe èèyàn, ìwọ ni Mojí."

Wọ́n kán oògùn sí wọn lójú lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n ní ká jókòó dúró. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, wọn ò rí àtẹ́lẹwọ́ ara wọn. Mo ṣí ìkànnì. Ẹnì kan ti kọ síbẹ̀ pé Rodo ò mọ nǹkan kan, pé ẹnu lásán ni, pé kó lọ jókòó. Gbogbo wọn ń fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Ṣé ẹ rí nǹkan tí mo fi ba ilé jẹ́? Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò mọ̀ mí rí, ló ní mi ò mọ nǹkan kan. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ gbé ìrẹsì kaná. Sátidé." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò dárúkọ Tóbi. Mo tiẹ̀ sọ fún ara mi pé mi ò sọ nǹkan kan.

Kó tó di pé dókítà pè wá, ibẹ̀ ti gbaná. Mo ń rẹ́rìn-ín. Bàbá yí ojú tí kò ríran yẹn sọ́dọ̀ mi, wọ́n ní, "Kí lò ń rín?" Mo ní ẹgbẹ́ aláhesọ ni. Wọ́n ní kí n kà á fáwọn. Mo ní ó dìgbà tá a bá délé. Nígbà tá a délé, mi ò kà á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá ní àwọn ò lọ sípàdé àdúrà, pé ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ẹsẹ̀ wọn ò ṣe nǹkan kan, torí mo rí wọn tí wọ́n ń rìn yí ẹsíteètì ká ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, tí wọ́n ń bá àwọn aládùúgbò pín lẹ́tà tí wọ́n jù sínú àpótí tí kì í ṣe tiwọn. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹnu ara wọn ni wọ́n ń bẹ̀rù. Wọ́n sé ara wọn mọ́lé kí àṣírí ọmọ Bísí má baà já lẹ́nu wọn, àṣírí tí mo ti jù sójú títì láti àná.

Ní Sátidé, ọkùnrin kan tó ka ọ̀rọ̀ mi lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pápá àwọn Òòrẹ̀ láti àárọ̀. Ó ya fọ́tò mọ́tò Àǹtí Bísí. Ó ya Tóbi bó ṣe ń bọ́ sílẹ̀, tó fi aṣọ borí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòrán náà ti dé gbogbo ibi tó lè dé, pẹ̀lú ìkòkò ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ní Mọ́ńdè, kóòṣì àwọn Àwòdì pe Tóbi, ó ní àwọn ti fún ẹlòmíràn láyè ẹ̀, àwọn kì í bá ọmọ tó ń yọ́ rìn ṣe. Àwọn Òòrẹ̀ ní kó fara balẹ̀, àwọn á pè é. Wọn ò pè é. Àwọn lẹ́tà tó kù náà dáwọ́ dúró, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu jù, bí ilé tí wọ́n ń sáré wọ̀ ṣe lè dákẹ́ rọ́rọ́ lójijì.

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, gbogbo wa pàdé ní Buford lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí Bísí gbé oúnjẹ fún wa, àwọn fúnra wọn ò jẹun. Wọ́n dúró láàárín pálọ̀. Wọ́n ní, "Èèyàn mẹ́ta ló mọ̀. Èmi mọ̀, Tóbi mọ̀, Bàbá mọ̀, nítorí mo ní kí wọ́n bá mi gbé e síwájú Ọlọ́run. Bàbá, ta lẹ sọ fún?"

Itan adìẹ wà lọ́wọ́ mi. Bàbá wò mí. Kò pẹ́ rárá, bí ẹni ṣẹ́jú ni. Mo wo inú àwo mi.

Wọ́n ní, "Mo gbà á ládùúrà, etí gbọ́ ọ."

Màmá mi kan ìdí sága, wọ́n ní, "Ó tán! Mo mọ̀! Fóònù tẹ́ ẹ fi ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà láàárọ̀ ni, àbí?" Bàbá ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Àǹtí Bísí bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Bàbá, mo bẹ̀ yín. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má pe àdírẹ́sì ọmọ mi jáde. Ẹ ti gbàdúrà ọmọ mi dànù." Tóbi dìde, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi Grandpa sílẹ̀," ó bá jáde síta. Bàbá bẹ ọmọ tí wọ́n bí lọ́mọ. Ọ̀gá pósófíìsì, ẹni tí kò ya lẹ́tà ẹlẹ́tà rí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, dìde lórí àga, wọ́n ní, "Bísí, má bínú. Ẹnu mi ni."

Ìgbà tí mo lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ wá àwáwí fún mi. Kò sẹ́ni tó di ẹnu mi, àfi adìẹ tó wà níbẹ̀.

Nígbà tá a wọ mọ́tò, mo fi ọwọ́ sórí kọ́kọ́rọ́, mo ń dúró kí wọ́n gbàdúrà. Wọ́n ń wo iwájú. Mo dúró títí. Wọ́n ní, "Máa lọ."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbọ́ àdúrà lẹ́nu Bàbá àgbà mọ́. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Tí oúnjẹ bá dé, wọ́n á di ojú, ètè wọn á máa mì. Tí wọ́n bá pè wọ́n kí wọ́n ṣíwájú àdúrà lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á ní kí àwọn ọ̀dọ́ ṣe é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà, ẹ sì mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe àwàdà wa. Ẹni tó bá ní ìròyìn, wọ́n á ní, "Má jẹ́ kí Bàbá gbọ́ o, wọ́n á gbà á síta." Wọ́n ń sọ ọ́ lójú wọn. Bàbá á rẹ́rìn-ín. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé àwàdà tí gbogbo èèyàn ń ṣe nípa èèyàn kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí ń jẹ̀rora, ìbáà jẹ́ Tóbi lórí ìkànnì, ìbáà jẹ́ Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ mi sì wà nínú méjèèjì.

Tóbi rí ilé-ìwé kékeré kan tó gbà á, wákàtí mẹ́fà sí Buford. Nígbà Kérésì ó wá kí Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ó ṣe ga tó. Bàbá fi ọwọ́ pa á lórí, ètè wọn ń mì, ohùn ò jáde. Àǹtí Bísí ló gbé e wá, inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí. Bàbá lọ dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo mọ́tò náà. Wọ́n ní, "Bísí rù."

Wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Mi ò bi wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí n mọ̀. Ní ọ̀sán kan, mò ń bá wọn gé èékánná, wọ́n dédé bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Wọ́n ní nígbà kan ní Ìkìrun, ẹnì kan ń kọ lẹ́tà tí kò ní orúkọ sí àwọn ará ìlú, tó fi ń ba ilé wọn jẹ́. Ó tú ìgbéyàwó méjì ká. Àwọn èèyàn ní akọ̀wé ọ̀dọ́ kan tó wà lábẹ́ Bàbá ni, wọ́n gbé e kúrò ní pósófíìsì. Bàbá ní, "Mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mo sọ nínú ara mi pé màá fún un láyè kó wá fúnra ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ó wá, Bàbá?"

Wọ́n ní, "Mo fẹ̀yìntì kó tó wá."

Mo gé èékánná tó kù. Wọ́n dúró, wọ́n ń retí mi. Ó dá mi lójú pé wọ́n ń retí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ gbé ọwọ́ kejì wá."

Nígbà tí àìsàn dá wọn wólẹ̀, ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lò ní ọsibítù, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbọ́ wa. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹ tún gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ṣí fóònù, mo ń ka àhesọ fún wọn. Kóòṣì báyìí wà níbí, báàlúù báyìí balẹ̀ sọ́hùn-ún. Mo kà á títí ohùn mi fi há. Wọ́n kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Bí àwa ìdílé ṣe ń wá bàtà tí a máa wọ̀ fún wọn, mo ń sọ fún àwọn èèyàn pé a bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo pa Rodo rẹ́ lórí ìkànnì. Àwọn èèyàn wá a fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ó dà bíi pé Rodo ti kú, wọ́n fi ìkòkò ìrẹsì ṣe ìdárò ẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wa mọ́tò lọ sí Buford. Mi ò tíì fi ohun tí mò ń kọ yìí han ẹnì kankan, mo fẹ́ kí Àǹtí kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló dé? Ta ló tún kú?" Mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀: mọ́tò, àdúrà, oògùn ojú, ìrẹsì. Mo ní, "Àǹtí, èmi ni. Bàbá ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Wọn ò tiẹ̀ lọ sípàdé lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kó má baà já lẹ́nu wọn."

Wọ́n gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìgbájú. Mo ń fẹ́ ẹ gan-an, ká sòótọ́.

Wọ́n ní, "Bàbá mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Wọ́n mọ̀, mà."

"Láti ọjọ́ tí mo dúró lé wọn lórí níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, wọ́n fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, wọn ò pariwo.

"Kò sí ìkankan nínú yín níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní, 'Bàbá, láti òní lọ, ẹ má dárúkọ ọmọ mi mọ́ nínú àdúrà yín.' Wọ́n ní, 'Ó dáa, Bísí.' Wọ́n sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ìwọ rí mi bẹ̀ lónìí, Mojí. Èmi ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ lọ bẹ̀?"

Mo wà lórí eékún.